Ohun Tí Ó Yẹ Kí Àwọn Ọmọ Wa Fi Ojú Rí ní Èkó

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ ní Ìyìn-Èkìtì)

 

Ní ìpàdé tí ó kọjá, a fi ohùn ṣọ̀kan pé kí ẹgbẹ́ kó ogójì ọmọ ilé-ìwé lọ sí Èkó nínú ìsinmi gígùn tí ń bọ̀, kí wọn sì lo ọjọ́ márùn-ún níbẹ̀. Lórí owó, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé orí ibi tí a ó kó wọn lọ, ohùn wa di méjì. Àwọn kan ní etí òkun ni, àti àwọn ilé ìtajà ńláńlá tí ń bẹ ní Lẹ́kí, nítorí pé ìsinmi ni a pè é, a kò pè é ní ẹ̀kọ́. Àwọn kan kò sọ nǹkan, wọ́n kàn ń mi orí. Èmi wà nínú àwọn tí ń mi orí, alàgà sì rí mi. Òun ni ó ní kí n wá fi ẹnu sọ ohun tí mo fi orí wí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo wá ba ìgbádùn ọmọdé jẹ́. Àwọn baba wa wí pé bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, a ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Nítorí náà ó dára kí wọn lọ. A sì máa ń wí pé ẹni tí ó bá dé Èkó tí kò gbọ́n, bí ó bá dé Ìlú Òyìnbó pàápàá kò lè gbọ́n mọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi dán òwe náà wò. Láti ìgbà ọ̀dọ́ mi ni mo ti ń lọ sí Èkó, n kò sì lè ka iye ìgbà náà mọ́. Fún ogún ọdún àkọ́kọ́, ohun tí mo mọ̀ níbẹ̀ ni ibùdókọ̀ tí mo ti ń sọ̀ kalẹ̀, ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Múṣin, ṣọ́ọ̀ṣì tí a ti ń ṣe ìgbéyàwó, àti ọjà Balógun tí ìyàwó mi ti ń ra aṣọ. Bí òwe náà bá jẹ́ òtítọ́, ẹ ti mọ irú ẹni tí ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ohun tí ó là mí lójú ni ogun Kírìjì. Gbogbo wa ni a ń fi ogun náà yangàn ní Èkìtì: a ń dárúkọ Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí, a ń dárúkọ Ògèdèǹgbé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kàn mí láti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ìtàn náà, tí mo jókòó ti ìwé, mo rí i pé apá tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ Èkó ni ó ti ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ń gbé Èkó ní ìgbà náà, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹni tí a ti tà lẹ́rú rí, tí wọ́n sì ti padà bọ̀ láti Sàró àti láti ilẹ̀ Bràsíìlì, kó ara wọn jọ níbẹ̀ sínú ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀. Wọ́n ń dá owó, wọ́n sì ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí ojú ogun. Nígbà tí ó sì tó àkókò láti parí ìjà, láti Èkó ni Gómìnà Moloney ti rán àwọn àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, wá sí àárín ibùdó ogun méjèèjì, títí a fi fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886. Johnson yìí kan náà ni ó kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ní ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ẹ wá rí i pé ọmọ Ìyìn tí ń rìn ní etí ọ̀sà ní Èkó kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Bí a bá kó ogójì ọmọ lọ tí wọ́n sì padà wálé láìmọ èyí, a kàn gbé wọn gba orí afárá kọjá lásán ni.

Ní ti ọ̀nà tí a ó gbà lọ, ìmọ̀ràn mi ni pé kí a gba Ìgẹ̀dẹ̀ àti Àràmọkọ, kí a gba Iléṣà àti Ifẹ̀ dé Ìbàdàn nínú ọkọ̀, kí a sùn níbẹ̀ mọ́jú, kí a sì wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mọ́níyà lọ sí Èkó. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa kò wọ rélùwéè rí, nítorí kò gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Ojú irin tuntun yìí, tí a ṣí ní 1921 lórí ìwé mi, ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ṣì í kọ ni, 2021 ni mo fẹ́ wí, gùn tó kìlómítà 157. Wọ́n fi orúkọ ènìyàn sọ àwọn ibùdó rẹ̀: Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìbàdàn, Wọlé Ṣóyínká ní Abẹ́òkúta, Mobọ́lájí Johnson ní Èbúté-Mẹ́ta. Kí olùkọ́ tí ó bá tẹ̀ lé wọn ní kí wọn ka orúkọ kọ̀ọ̀kan bí ọkọ̀ bá ti ń dúró, kí wọn sì sọ ohun tí ẹni náà ṣe. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nìyẹn, orí ìjókòó ni a ó ti kọ́ ọ.

Ibi tí mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ kó wọn lọ ni Oníkan. Olùkọ́ bí tèmi ni ó dá Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Òyìnbó ni, Kenneth Murray ni orúkọ rẹ̀. Ní 1927 ni ó dé orílẹ̀-èdè wa láti máa kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà. Ó rí i pé àwọn iṣẹ́ àtijọ́ ń bàjẹ́, àti pé àwọn àlejò ń rà wọ́n kó lọ, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún rọ ìjọba pé kí wọn wá nǹkan ṣe sí i, títí a fi ṣí ilé náà ní 1957. Ohun tí a fi amọ̀ mọ ní Nok wà níbẹ̀, iṣẹ́ idẹ Benin wà níbẹ̀, iṣẹ́ Ifẹ̀ wà níbẹ̀. Mo mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀: àwọn ọmọdé yóò sáré kọjá gbogbo ìwọ̀nyí lọ sí ibi ọkọ̀ Mercedes tí a ti yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed ní 13 Oṣù Kejì, 1976. Ẹ jẹ́ kí wọn sáré lọ. Kí wọn wo ihò ọta ìbọn tán, kí wọn sì gbọ́ pé ọjọ́ kan wà tí Nàìjíríà ń pa olórí ara rẹ̀ ní ojú títì. Lẹ́yìn náà kí a rọra dá wọn padà sí ibi tí àwọn ère igi wà.

Ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni Ilé Àṣà àti Ìtàn Yorùbá wà, tí a fi orúkọ John Randle pè. Dókítà tí ó ṣiṣẹ́ ní Èkó ni Randle. Ní 1928 ni a fi owó rẹ̀ ṣe adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sí ibẹ̀ kí àwọn ọmọ ìlú lè rí ibi kọ́ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá dé Oníkan tí kò yà síbẹ̀, ó ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣòfò.

Ṣùgbọ́n mo ní kí a dúró pẹ́ ní ibi ère igi, nítorí níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí a ti sọ ìtàn kan fún àwọn ọmọ náà tí kì í ṣe ti Èkó rárá. Ìtàn Olówè ni. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni a bí Olówè sí, ní nǹkan bí 1873, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ni ó fi ṣe ilé, ó ń ṣiṣẹ́ fún Arínjalẹ̀, ó sì kú ní 1938. Láàárín 1910 àti 1914, ó gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Abala méjì ni ilẹ̀kùn náà ní. Lórí ọ̀kan, Ògògà jókòó, ó dé adé, olorì rẹ̀ sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Lórí èkejì ni Ambrose, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ti ń bọ̀ tí àwọn ènìyàn gbé e. Olówè gbẹ́ ẹ jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí orí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ fi yọ kúrò lára pákó bí ẹni tí ń wo èrò ọ̀nà. Mo ní àwòrán rẹ̀ lára ògiri kíláàsì mi. Mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wo ẹni tí ó jókòó àti ẹni tí a ń gbé bọ̀, kí wọn sọ fún mi èwo ni onílé, èwo ni àlejò. Kò sí ẹni tí ó tí ì ṣì í rí.

Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley. Àwọn alábòójútó British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù rí i, wọ́n sì fẹ́ rà á. Ògògà kò tà á. Ohun tí ó gbà ni pé kí wọn fún òun ní ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní pàṣípààrọ̀, Olówè sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn dípò rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òpó ààfin kan náà wà ní Chicago ní Amẹ́ríkà lónìí. Àwo kan tí Olówè gbẹ́ wà ní Washington.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa fẹ́ràn láti máa wí pé jíjí ni wọ́n jí gbogbo nǹkan wa kó. Ti Benin ní 1897, ìkógun ni, kò sí orúkọ mìíràn tí a lè fún un. Ti Ìkẹ́rẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọba ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ọlá rẹ̀, bí ọba ti í ṣe pẹ̀lú ọba. Èyí tí ń dùn mí yàtọ̀. Lọ́dọọdún ni àwọn ará ìlú wa ń lọ kí àwọn ọmọ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí wọ́n bá dé, mo máa ń lọ kí wọn káàbọ̀, mo sì máa ń béèrè ohun tí wọ́n rí. Wọ́n rí ààfin ọba, wọ́n rí agogo ńlá, wọ́n gun ọkọ̀ pupa alájà méjì. Títí di òní, n kò tí ì rí ẹni kan tí ó wí fún mi pé òun béèrè ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ wọn kì í gba owó lẹ́nu ọ̀nà ilé náà! Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń múra láti lọ: kí ọmọ yín fi ẹ̀rọ ayélujára béèrè lọ́wọ́ wọn ṣáájú bóyá wọ́n gbé e síta ní àkókò náà, nítorí kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní ni wọ́n ń fi hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó bá rí i kí ó wá jẹ́rìí níwájú ẹgbẹ́.

Kí n padà sí Èkó. Ní Màrínà, ẹ kó wọn wọ Kàtídírà Krístì. Ẹni tí ó máa jẹ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ Edward Kẹjọ ni ó fi ìpìlẹ̀ ilé náà lélẹ̀ ní 1925, ní 1946 ni a sì kọ́ ọ parí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òkúta ni mo fẹ́ kí wọn wò. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni mo fẹ́ kí wọn lọ kí. Ní 1821 ni a kó o lẹ́rú ní Òṣogùn, ó kéré jù àwọn tí a ó kó lọ yìí tàbí kí ó jẹ́ ẹgbẹ́ wọn. Ní 1864 a fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Ìwé Mímọ́ tí a ń kà lédè wa, tí gbogbo rẹ̀ jáde ní 1884, iṣẹ́ rẹ̀ àti ti àwọn tí wọ́n bá a ṣe é ni. Ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1891 ni ó kú ní Èkó, a sì sin ín sí itẹ́ òkú Àjẹ̀lẹ̀. Nígbà tí ìjọba fẹ́ fi ilẹ̀ itẹ́ òkú náà ṣe nǹkan mìíràn, wọ́n hú u, a sì tún un sin sí inú Kàtídírà ní 1976. Mo dúró níbẹ̀ rí fún ìgbà pípẹ́. Àwa ará Èkìtì ní ohùn tiwa, a sì mọ bí ó ti yàtọ̀ sí ti Ọ̀yọ́; síbẹ̀ gbogbo lẹ́tà tí mo ti kọ sí ìyá mi ní èdè Yorùbá, ọ̀nà tí ọkùnrin yẹn là ni mo tọ̀.

Kì í ṣe ọmọ Kristẹni nìkan ni ó wà nínú ogójì wa. Kò jìnnà sí ibẹ̀, ní òpópónà Martins, ni Mọ́sálásí Shitta-Bey wà, èyí tí a ṣí ní 1894. Mohammed Shitta ni ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ. Sultan ilẹ̀ Tọ́kì ni ó sì fún un ní oyè Bey. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wo ògiri rẹ̀ dáradára, nítorí ọwọ́ àwọn Àgùdà wà nínú iṣẹ́ náà, àwọn tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ bíríkì ní Bràsíìlì. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kún àdúgbò Pópó Àgùdà nígbà kan.

Nígbà kan ni mo wí. Ní 2017, mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ mẹ́rìndínlógún lọ sí àdúgbò yẹn. Mo ti kọ orúkọ àwọn ilé tí a ó wò sínú ìwé kékeré kan láti ọdún pípẹ́. Èkínní nínú wọn ni Ilojo Bar ní Ojúde Tinúbú, ilé tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855, tí ìjọba sì kà mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. A dé ibẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán. Mo gbé ọwọ́ sókè láti fi hàn wọ́n, n kò rí nǹkan kan. Ilẹ̀ gbalasa ni. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ béèrè pé, “Ṣé ibí ni, sà?” Ẹnìkan tí ń ta omi ní ẹ̀bá ọ̀nà ni ó dá a lóhùn pé wọ́n ti wó o. Nígbà tí mo délé mo wádìí rẹ̀: 11 Oṣù Kẹsàn-án, 2016 ni. Ọgọ́jọ ọdún ó lé ọ̀kan ni ilé náà fi dúró, mo sì fi ọdún kan pẹ́ jù.

Mo bínú sí àwọn ará Èkó ní gbogbo ọ̀nà títí a fi kọjá Ìbàdàn. Bí a ti ń sún mọ́ ilé ni ìbínú náà bẹ̀rẹ̀ sí yí padà sí èmi fúnra mi. Ní àgbàlá baba ńlá mi níhìn-ín ní Ìyìn, ilẹ̀kùn kan wà tí a fi irin gún lára, tí a ya alángbá àti ẹṣin sí. N kò mọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ, n kò sì bèèrè nígbà tí ẹni tí ó lè dá mi lóhùn ṣì wà láyé. Nígbà tí a wó ilé amọ̀ náà láti kọ́ ilé símẹ́ǹtì, èmi wà nínú àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí i. Àwọn bíríkìlà tẹ́ ilẹ̀kùn náà sórí gọ́tà fún afárá. Fún òjò méjì ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ kọjá lọ sí ìsìn pẹ̀lú aṣọ àlùfáà lọ́rùn mi, títí ó fi jẹrà.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè gbà pé kí a fi ọjọ́ márààrún ra nǹkan ní Lẹ́kí.

Àwọn ibi yòókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Freedom Park, níbi tí ẹ̀wọ̀n Broad Street wà tẹ́lẹ̀, tí a sọ di ọgbà ìgbafẹ́ ní 2010, dára fún oúnjẹ ọ̀sán. A ti ti Herbert Macaulay àti Awólọ́wọ̀ mọ́ inú rẹ̀ rí, àwọn ọmọ sì lè jókòó jẹun níbẹ̀ kí wọn ronú sí i. Ìgà Ìdúngànrán, ààfin ọba Èkó, kí a wò ó láti òde, àyàfi bí àwọn ìjòyè wa bá lè bá wa kọ ìwé ṣáájú. Àgbádárìgì wù mí púpọ̀, nítorí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nnárì ti 1845 wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n odidi ọjọ́ kan ni yóò gbà. Kí a fi í sílẹ̀ di ọdún mìíràn.

Mo sì gbà fún àwọn tí ń fẹ́ etí òkun ní ọ̀nà kan. Kí a lo ọjọ́ kan ní apá Lẹ́kí. Ní òwúrọ̀, kí a lọ sí igbó tí a dá sí fún àwọn ẹranko níbẹ̀, hẹ́kítà 78 ni. Afárá kan tí a so sí àárín igi òkè wà nínú rẹ̀ tí ó gùn tó mítà 401, ẹni tí ó bá sì láyà lè gùn ún. Èmi kò ní gùn ún. Ní ìrọ̀lẹ́, kí wọn lọ wo òkun, kí wọn fi ẹsẹ̀ tẹ iyanrìn. Ọmọ orí òkè ni àwọn ọmọ wa, òkúta ni wọ́n mọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kí omi dé orúnkún wọn, nítorí òkun Èkó a máa fa ènìyàn.

Ó ku ohun kan, mo sì fẹ́ kí a dìbò lé e lórí ní alẹ́ yìí kí a tó túká. Kí àwọn ọmọ náà má ṣe rí Èkó ṣáájú Ìkẹ́rẹ́. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó bá ṣáájú ìrìn-àjò náà, kí a kó gbogbo wọn lọ sí ààfin Ògògà. Kò tó ìrìn wákàtí kan nínú ọkọ̀. Èmi yóò mú àwòrán ilẹ̀kùn náà dání láti ara ògiri mi. Mo ń wá ìjòyè kan tí yóò bá wa fi orúkọ ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí ààfin, mo sì ń wá ọkọ̀ méjì àti ẹni tí yóò ra epo sí wọn. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé ní tábìlì ìwájú.